Ọ̀rọ̀ Oníbodè

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ni yóò jókòó kọ àròkọ lórí bí a ṣe ń wọ inú ètò BIOS lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux. Wọn yóò ní, kí ló pa ẹkún ìyàwó pọ̀ mọ́ wáyà iná? Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, gbólóhùn sì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù mi lé lórí.

Ní ọdún 2022, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní SS2 gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ẹkún ìyàwó ni ìyá náà sun fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé àwọn tí ó lè sun ẹkún ìyàwó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kì í ṣe ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta tí wọ́n há sórí láti inú ìwé, kò pọ̀ mọ́. Fáìlì mọ́kànlá ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. A kó wọn sínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí ó wà ní yàrá ìkàwé wa, ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ẹnìkan fi ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, tí ó ń lo Ubuntu, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux. Kò pẹ́ tí fóònù tí wọ́n fi gba ohùn náà fi kó sómi. Nígbà tí oṣù mélòó kan kọjá, ìyá náà papò dà. Láti ọjọ́ náà ni fáìlì mọ́kànlá yẹn ti di ohun tí a kò lè padà lọ gbà ní ibikíbi mọ́.

Nígbà tí a wọlé padà láti ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, a tan ẹ̀rọ náà, kò ṣí. Ojú rẹ̀ dúdú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ̀rọ̀ funfun kan jáde: No bootable device found. Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a pè wò ó fún ìṣẹ́jú bí i márùn-ún, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, hard disk yín ti kú. Ẹ jẹ́ kí n fi tuntun sí i, kí n sì bá yín fi Windows sí i.” Mo bi í pé àwọn fáìlì inú rẹ̀ ńkọ́? Ó ní, “Ẹ gbàgbé ìyẹn, sà.”

Èmi kò gbàgbé. Kì í ṣe pé mo mọ kọ̀ǹpútà jù ú lọ; ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Gbólóhùn yẹn ni mo ń wò. Ẹ jẹ́ kí a tú u bí a ti ń tú ewì ní kíláàsì. Ẹ̀rọ náà kò sọ pé hard disk kú. Kò tilẹ̀ dárúkọ hard disk. Ohun tí ó sọ ni pé, nínú gbogbo ibi tí òun wò, òun kò rí ohun kan tí òun lè gbéra láti inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀ ni “rí”. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn wa tí kò gbọ́ ìdáhùn, ṣé yóò lọ kéde láàárín ọjà pé a ti kú ni? Ó lè jẹ́ pé ilé kejì ni ó lọ kàn. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa ni èyí tí a máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí a bá fi àyọkà síwájú rẹ̀: ta ni ń sọ̀rọ̀ níbí yìí?

BIOS ni ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá ti rìn ní ilẹ̀ Yorùbá yóò ti gbọ́ orúkọ bí i Bodè Olúdé ní Abẹ́òkúta tàbí Bodè Sàádù ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní ayé àtijọ́, oníbodè ni ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìlú. Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjòyè ńlá, ṣùgbọ́n kò sí àlejò tí yóò dé ààfin tí kò ní kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni BIOS rí nínú kọ̀ǹpútà, n kò sì tíì rí orúkọ Yorùbá tí ó bá a mu ju oníbodè lọ. Kì í gbé inú hard disk; inú ẹ̀yà kékeré kan tí ó lẹ̀ mọ́ pátákó inú ẹ̀rọ ni ilé rẹ̀ wà. Bí a bá tẹ bọ́tìnì agbára, òun ni ó kọ́kọ́ jí. Yóò yẹ ìrántí ẹ̀rọ wò, yóò wo kíbọ́ọ̀dù, yóò wo ojú ẹ̀rọ, yóò wá hard disk, lẹ́yìn náà ni yóò fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Lórí ẹ̀rọ Linux, GRUB ni ó sábà máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, GRUB yóò sì pe kernel, èyí tí í ṣe Linux gan-an. Bí oníbodè kò bá rí GRUB, bó ti wù kí Linux lágbára tó, kò lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a mọ ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ grub rescue ni ẹ̀rọ kọ, GRUB ni ó ń ké, èyí tí ó túmọ̀ sí pé oníbodè ti rí hard disk, ó sì ti kà lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ initramfs, ọ̀rọ̀ ti jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: kernel ti jí, ibi tí yóò jókòó sí ni ó ń wá. Tiwa kò dé ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹnu ibodè ni ọ̀rọ̀ ti há.

Ará Amẹ́ríkà kan, Gary Kildall, ni ó fún oníbodè yìí ní orúkọ BIOS ní àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó ń ṣe ètò kan tí ń jẹ́ CP/M. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó ya apá tí ń bá irin ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, kí ó má baà jẹ́ pé gbogbo ètò ni a ó tún kọ nítorí ẹ̀rọ tuntun kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 ni IBM gbé PC rẹ̀ jáde pẹ̀lú BIOS tirẹ̀ nínú. Lónìí, UEFI ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ọdún 2005 ni wọ́n dá àjọ tí ń bójú tó ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀ BIOS náà ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọṣẹ ìfọyín, Mákílíìnì ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu wa, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é.

Àmọ́ orúkọ kan náà kò ní kí ìwà wọn jọra. BIOS àtijọ́ a máa lọ ka ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ hard disk, a sì máa tẹ̀ lé ohun tí ó bá bá níbẹ̀. UEFI ní tirẹ̀ a máa wá ìpín kan tí a yà sọ́tọ̀ lórí hard disk, a máa ṣí fáìlì tí a tọ́jú síbẹ̀ dè é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 2012 sí 2016 lè ṣe méjèèjì, èyí tí a bá yàn fún wọn ni wọ́n ń ṣe. Bí a bá wá fi Linux sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìlànà UEFI, tí oníbodè sì lọ ń wá a ní ìlànà àtijọ́, ibi tí kò sí nǹkan ni yóò wò, yóò sì sọ òtítọ́ pé òun kò rí nǹkan kan.

Kí ló lè mú kí oníbodè gbàgbé ìlànà tí a ti yàn fún un? Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí pátákó inú ẹ̀rọ, ó rí roboto bí owó kọ́bọ̀, a kọ CR2032 sí i lára, fóltì 3 sì ni agbára rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí aago ẹ̀rọ dúró nígbà tí kò bá sí iná. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí ètò inú BIOS pa rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá wà lára iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti pa á, iná náà ni aago ń lò, bátìrì á máa sinmi. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ta ni yóò fi kọ̀ǹpútà sára iná mọ́jú? A mọ bí iná ṣe máa ń dé lójijì tòun ti agbára àjùlọ, nítorí náà a máa ń fa gbogbo wáyà yọ kí a tó ti ilẹ̀kùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé bátìrì ẹ̀rọ tiwa kì í sinmi bí ẹni tó wà ní ìlú tí ó ti wá. Tiwa ti dàgbà kí ó tó wọkọ̀ òkun. Ó tún wá fi odidi ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí a tì pa.

Ìfura nìyẹn, ó kù kí a wọlé lọ bá oníbodè fúnra rẹ̀, kí a bi í. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bọ́tìnì kan wà tí a ó tẹ̀ kí ẹ̀rọ tó kọjá síwájú, kì í sì í ṣe ọ̀kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Lórí ọ̀pọ̀ Dell, F2 ni; lórí HP, F10 tàbí Esc; lórí ThinkPad, F1; lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a fọwọ́ to jọ, Delete ni. Tiwa náà ní tirẹ̀, a rí i nínú ìwé tí ó bá a wá. A tẹ̀ ẹ́, a tún un tẹ̀, a pa ẹ̀rọ, a tún un tàn. Gbólóhùn kan náà ni ó ń kọ sí wa lójú.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ni ó rí i. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, iná orí kíbọ́ọ̀dù yẹn kò tàn rárá.” Òótọ́ ni. Bí oníbodè bá ti rí kíbọ́ọ̀dù, iná kéékèèké orí rẹ̀ sábà máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Tiwa kò ṣẹ́. A wá tọ wáyà rẹ̀ lọ, a rí i pé kò wọ inú ẹ̀rọ tààrà. Ó gba inú àpótí kékeré kan tí ń pín ihò USB kan sí mẹ́rin kọjá. Linux mọ irú àpótí bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tí kíbọ́ọ̀dù náà fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Oníbodè tiwa kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá tẹ bọ́tìnì nígbà ẹgbẹ̀rún, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́. A yọ wáyà náà, a kì í bọ ihò ẹ̀yìn ẹ̀rọ gan-an, iná sì ṣẹ́jú. Ẹ má ṣe gbàgbé pé irú ìyà kan náà ni kíbọ́ọ̀dù Bluetooth sábà máa ń fi jẹni: ó máa ń yadi títí Linux yóò fi jí.

Nígbà tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹlẹgbẹ́ mi kan, ó rántí gbólóhùn kan tí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ máa ń kọ jáde, pé àwọn kò rí kíbọ́ọ̀dù, nítorí náà kí a tẹ F1 kí iṣẹ́ lè máa bá a lọ. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń wá àpẹẹrẹ ìjọlójú-ọ̀rọ̀ fún kíláàsì, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀.

Ìdíwọ́ kejì wá láti ara ojú ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ wa kì í tètè là. Oníbodè a máa fi ọ̀rọ̀ kan hàn fún bí i ìṣẹ́jú-àáyá méjì, pé bọ́tìnì báyìí ni kí a tẹ̀ tí a bá fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n kí gíláàsì tó mọ́lẹ̀, ó ti kọjá. Ẹni tí ó bá ń dúró de ọ̀rọ̀ náà yóò dúró títí. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnì agbára báyìí, kí a ti máa tẹ bọ́tìnì ìwọlé léraléra, bí ẹni ń lu agogo. Kí a má kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pinpin o, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan yóò rò pé bọ́tìnì náà há. Lórí laptop, ó lè gba pé kí a tẹ Fn mọ́ ọn.

Ní ìgbà kẹta, ó ṣí.

Ohun tí ojú wa kọ́kọ́ bà lé ni ọjọ́: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2013. Ọmọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì ju kíláàsì kejì lọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Aago ti padà sẹ́yìn, bátìrì ti kú, ìyẹn ti yé wa. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ hard disk wà gbangba, pẹ̀lú iye rẹ̀, 500 GB. Òkú kì í jẹ́ ìpè. Èyí tí wọ́n pè tí ó jẹ́ yìí kò tíì kú. Mo ní kí ọmọ kan kọ gbogbo ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, ewé kan sí èkejì. Níbi tí a ti ń yan ìlànà ìṣíde, ọ̀rọ̀ tí a bá níbẹ̀ ni Legacy.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí díẹ̀. Lẹ́nu àwọn aláròkọ Gẹ̀ẹ́sì, Legacy ni ogún tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ. Lẹ́nu àwọn oníkọ̀ǹpútà, ohun àtijọ́ tí a ṣì ń gbà láyè nítorí àwọn ẹ̀rọ tó ti darúgbó ni, tí a sì ń retí ọjọ́ tí yóò kúrò nílẹ̀. A yí i sí UEFI, a tún ọjọ́ àti aago ṣe, a ní kí ó fi pamọ́, a jáde.

GRUB kọjá fìrí. Ubuntu ṣí.

Ẹ kò ní í gbọ́ bí yàrá náà ṣe pariwo tó. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ohùn kankan, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ da fáìlì mọ́kànlá náà kọ sórí fláàṣì méjì. Ìyẹn tán, a ṣí èkínní. Ìyá náà wúkọ́, ó béèrè bóyá wọ́n ti tan nǹkan wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Oníṣẹ́ wa padà wá ní ọjọ́ kejì, mo fi hàn án. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ti di ọ̀gá.” Òun ni ó bá wa ra bátìrì tuntun, òun náà ni ó sì fi í sí i, kò gba owó iṣẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí Linux ní, èmi fúnra mi sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣí ní ìlànà UEFI, tí Linux sì ń ṣiṣẹ́, kò sí ìdí tí a ó fi máa bá ojú ẹ̀rọ sáré mọ́. A ó ṣí ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, a ó kọ systemctl reboot --firmware-setup, ẹ̀rọ yóò kú, yóò sì jí sínú BIOS fúnra rẹ̀. Nínú àkójọ GRUB náà, a sábà máa ń rí ìlà kan tí ó ní UEFI Firmware Settings. Ibì kan náà ni ó ń gbéni lọ. Bí a kò bá mọ ìlànà tí ẹ̀rọ wa fi ṣí, kí a kọ ls /sys/firmware/efi. Bí àkójọ orúkọ bá jáde, UEFI ni. Bí ó bá ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlànà àtijọ́ ni, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé yẹn kò sì sí fún un. Kí a padà sórí bọ́tìnì.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti sọ pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kàn láìsí àgbà nítòsí, ìyẹn ni fífi BIOS tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ lè má jí mọ́, a sì mọ bí iná wa ti rí.

Ẹni tí ó bá sì ń lọ ra tòkunbọ̀, ìbáà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́, kí ó wọ BIOS rẹ̀ níwájú ẹni tí ń tà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan ti wà ní ọ́fíìsì òkè òkun, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá wọn àtijọ́ bọ̀. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, a sábà máa ń rí ọgbọ́n dá sí i láti orí pátákó inú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ laptop, àfi ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, wọn yóò sì béèrè ẹ̀rí pé tìrẹ ni.

Fáìlì mọ́kànlá náà ti wà ní ibi mẹ́ta báyìí. Iṣẹ́ àdàkọ ni ó kù. Àwọn tí ó gba ohùn náà sílẹ̀ ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, àwọn àbúrò wọn ni ó ń jiyàn lórí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ní fáìlì keje, ìyá náà pe ọ̀rọ̀ kan nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Ìdajì kíláàsì ní “igbá” ni, ìdajì ní “ìgbà” ni. Méjèèjì bá ẹnu ìyàwó tó ń lọ ilé ọkọ mu. A ti gbọ́ ọ tó ogún ìgbà. Igbá ni èmi ń gbọ́.